Aunty Motúnráyọ̀ àti Ìdérí Mínírà Mẹ́ta

Bí ẹ bá wọ àdúgbò wa ní Ìkòsí, tí ẹ béèrè ilé Aunty Motúnráyọ̀, ẹni tí ẹ bi á kọ́kọ́ bi ẹ̀yin náà pé, "Ọmọ yín fẹ́ wọ Primary One ni?" Ohun tí gbogbo wa mọ̀ ọ́n mọ́ nìyẹn. Òun ni tíṣà ìwé kìíní ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kékeré kan tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa, òun náà ló sì máa ń dán àwọn ọmọ wò kí wọ́n tó gbà wọ́n síbẹ̀. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó. Ohùn rẹ̀ kò ga, ṣùgbọ́n tó bá ti ní "ẹ jókòó" báyìí, àwọn òbí gan-an á wá àga.

Ìdánwò rẹ̀ kò jọ ìdánwò rárá. Kò ní bi ọmọ pé kí ni olú-ìlú Nàìjíríà. Á gbé abọ́ ìdérí mínírà kan ka orí tábìlì, á ní, "Bá mi mú mẹ́ta níbẹ̀." Á bi ọmọ léèrè orúkọ rẹ̀ àti ohun tó jẹ láàárọ̀. Á ní kó bọ́ bàtà, kó tún un wọ̀. Á fún un ní pẹ́ńsù pé kó ya ohunkóhun tó bá wù ú. Ó parí. Kí ọmọ tó so okùn bàtà tán, Aunty á ti mọ̀ bóyá ó ti tó wọ ìwé kìíní, tàbí kó ṣì lọ fi ọdún kan sí i ṣeré ní jẹ́léósinmi.

Kì í ṣe pé ó lá a lójú àlá. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé-ẹ̀rí olùkọ́, Ogudu ló ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Wọ́n fi ọmọ kékeré kan tó ń jẹ́ Ìfẹ́olúwa sí kíláàsì rẹ̀, torí bàbá rẹ̀ ní orí ọmọ òun pé ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Orí Ìfẹ́olúwa pé lóòótọ́. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá ti ní kí wọ́n mú ìwé jáde, á nawọ́ sókè pé ìtọ̀ ń gbọ̀n òun. Bí ọmọ náà ṣe ń tọ̀ láti oṣù kẹsàn-án títí di Kérésì nìyẹn, tí kò sì sí ìtọ̀ kankan nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ọwọ́ rẹ̀ ni kò tíì gbà á láti kọ̀wé, ojú sì ń tì í. Láti ìgbà yẹn ni Motúnráyọ̀ ti sọ pé òun ò tún ní jẹ́ kí ọmọ kankan máa sá lọ sí ilé ìtọ̀ nítorí ìwé.

Àwọn òbí ni kò gbà. Mo wà níbẹ̀ lọ́dún tí mo mú Fẹ́rànmí, ọmọ tèmi, lọ. Obìnrin kan tó ń gbé nínú ẹ́síteètì lápá Ṣàngíṣà mú ọmọ rẹ̀ obìnrin wá, Testimony lorúkọ ọmọ náà. Ó wọ sọ́ọ̀kì funfun báláú, ó dúró bíi sójà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ìpínlẹ̀ Nàìjíríà àti olú-ìlú wọn láìsí ẹni tó bi í. Ó kà á láti Abia dé Zamfara, kò mí. Ìyá rẹ̀ wò wá yíká bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ife-ẹ̀yẹ.

Aunty Motúnráyọ̀ pàtẹ́wọ́ fún un. "O káre! Ó yá, bá mi mú ìdérí mẹ́ta wá."

Testimony wo abọ́. Ó wo ìyá rẹ̀. Ó tún wo abọ́.

"Zamfara, Gusau," ló wí.

Ọjọ́ yẹn kan náà, bàbá kan fara pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń fi ìka ṣe àmì iye ìdérí tí ọmọ rẹ̀ máa mú. Aunty Motúnráyọ̀ kò tilẹ̀ gbé orí sókè. "Daddy," ló wí, "ṣé ẹ̀yin náà fẹ́ wọ Primary One ni? Àga wà níbí o." A rẹ́rìn-ín títí bàbá náà fi lọ jókòó sínú mọ́tò rẹ̀, tó yí gíláàsì sókè.

Aunty wá pe Mummy Testimony sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá a sọ̀rọ̀: "Ẹ jẹ́ kó dúró di ọdún tó ń bọ̀, ma. Ẹ bá a ṣeré. Ẹ jẹ́ kó máa bá yín ka ata, kó máa bá yín ká aṣọ. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n fi kẹ́míkà pọ́n, ara rẹ̀ á pupa, inú rẹ̀ á le." Mummy Testimony fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó bínú kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gbọ́rọ̀. Nígbà tí Testimony padà wá lọ́dún kejì, ó mú ìdérí mẹ́ta, ó sì bi Aunty bóyá kí òun dá ìyókù padà sẹ́nu ìgò.

Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò rò kàn ni pé Aunty Motúnráyọ̀ náà bímọ. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló ní, Jayé, ọmọ ọdún márùn-ún, ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ róbótó. A kì í rí i ládùúgbò lójúmọmọ torí pé Gbàgádà ló ti ń lọ jẹ́léósinmi, nítòsí ibi iṣẹ́ bàbá rẹ̀. Ọlábámijí Ṣèyítán ni bàbá náà ń jẹ́. Iṣẹ́ adójútòfò ló ń ṣe, ó sì jẹ́ ọkùnrin tó máa ń kánjú. Òun ló ń gbé Jayé lọ láràárọ̀, kò sì sí àkókò. Òun ló ń wọ bàtà fún un, òun ló ń fi oúnjẹ sí i lẹ́nu nínú mọ́tò, tí iná pupa bá ti dá wọn dúró.

Ìyá ńkọ́? Kí Motúnráyọ̀ tó délé lálaalẹ́, etí rẹ̀ ti kún fún "Aunty, ó nà mí! Aunty, wò ó!" Kò sí ohun tó tún wù ú ju kí ilé dákẹ́. Á gbé fóònù lé Jayé lọ́wọ́, Jayé á dákẹ́, ilé á sì sinmi lóòótọ́. Kò já a láyà. Ó gbà pé ọmọ ẹja kì í lọ kọ́ omi wíwẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ tíṣà kò ní nílò ẹni tí yóò kọ́ ọ.

Ọdún tó yẹ kí Jayé wọ ìwé kìíní dé. Wọ́n fẹ́ mú un wá sí ilé-ẹ̀kọ́ ìyá rẹ̀ kí bàbá lè sinmi. Mummy Kúnbi, ìyá àgbà tó ni ilé-ẹ̀kọ́ náà, ní gbogbo ọmọ ló ń ṣe ìdánwò, ti Jayé kò ní yàtọ̀, ṣùgbọ́n ìyá kì í dán ọmọ ara rẹ̀ wò. Uncle Jeffrey, tíṣà ìwé kejì, ni yóò ṣe é. Ọmọkùnrin pẹ̀lẹ́ ni Uncle Jeffrey. Aunty Motúnráyọ̀ gan-an ló kọ́ ọ níṣẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Uncle Jeffrey ti ń làágùn kó tó di pé Jayé jókòó.

"Kí ni orúkọ rẹ?"

"Fine Boy," ni Jayé dáhùn.

Uncle Jeffrey rẹ́rìn-ín. "Mo rí i pé fine boy ni ẹ́. Orúkọ rẹ gan-an ńkọ́?"

"Fine Boy." Orúkọ tí gbogbo ìyá ìjọ ń pè é ní ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn, kò sì rí ìdí tó fi yẹ kó máa bá Uncle jiyàn.

"Ó dáa. Daddy ẹ ńkọ́? Kí lorúkọ wọn?"

"Honey."

Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, Aunty Motúnráyọ̀ fọwọ́ bojú.

"Kí lo jẹ láàárọ̀?"

"Mi ò mọ̀. Daddy ló fi sí mi lẹ́nu."

Uncle Jeffrey nu ojú, ó tẹ abọ́ síwájú. "Ó yá, Jayé, bá mi mú mẹ́ta níbẹ̀." Jayé fi apá méjèèjì gbá abọ́ mọ́ra, ó da gbogbo ìdérí sórí tábìlì, ó sì ń tò wọ́n ní ìlà gbọọrọ. Ó ní mọ́tò ni wọ́n, Gbàgádà ni wọ́n ń lọ.

"Mẹ́ta, Jayé. Mẹ́ta péré."

"Uncle, gbogbo wọn ló ń lọ."

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, Aunty Motúnráyọ̀ ò mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ òun gbé òun dé ojú fèrèsé. Ó na ìka mẹ́ta sókè. Ó ń jù wọ́n bí ẹni tó ń dá mọ́tò dúró, ó ń fi ẹnu sọ "mẹ́ta, mẹ́ta" láìjẹ́ kí ohùn jáde. Jayé rí i, inú rẹ̀ dùn, ó juwọ́ sí ìyá rẹ̀ padà. Uncle Jeffrey yíjú. Ọ̀gá rẹ̀ ni obìnrin yìí, kò lè lé e, ló bá sọ èyí tí òun náà ti gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láìmọye ìgbà.

"Ẹ jọ̀ọ́ ma," ló wí jẹ́jẹ́, "àga wà níbí o."

Ti bàtà ló burú jù. Jayé bọ́ ọ tayọ̀tayọ̀, ó ju ọ̀kan sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Ìgbà tó wá di wíwọ̀, ó na ẹsẹ̀ sí Uncle Jeffrey, ó gbójú sókè, ó ń dúró. Uncle Jeffrey fa ti ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù yọ, ó kúnlẹ̀, ó wọ̀ wọ́n fún un, ó so okùn méjèèjì, ó tún fọwọ́ nu eruku orí bàtà, kó tó rántí ẹni tó ń ṣe ìdánwò nínú àwọn méjèèjì. Ó fún un ní pẹ́ńsù. Jayé fi ha ẹ̀yìn.

Mummy Kúnbi pe Motúnráyọ̀ sí ọ́fíìsì. "Aunty, ẹ jókòó." Ó jókòó. "Ẹ̀yin lẹ kọ́ gbogbo wa ní bí wọ́n ṣe ń wò ó. Tó bá jẹ́ ọmọ ẹlòmíì, kí lẹ máa sọ?"

Motúnráyọ̀ dáhùn pé, "Màá ní kó dúró, ma."

"Ẹ ṣeun. Ẹ mú un padà wá tí ìwọlé bá ku ọ̀sẹ̀ kan. Tó bá ti ṣe tán, kó wọlé. Tí kò bá tíì ṣe tán, Aunty Clara tó ń kọ́ jẹ́léósinmi á gbà á sí Nursery Two."

Kí wọ́n tó jẹun ọ̀sán, ọ̀rọ̀ ti dé orí WhatsApp àwọn òbí. Ta ló gbé e síbẹ̀? Ẹ má bi mí. Ọmọ Aunty Primary One ò mọ mẹ́ta! Ẹni tó ń rán aṣọ fún gbogbo ayé, ìhòòhò lọmọ rẹ̀ wà. Àwọn kan fi ẹ̀rín ránṣẹ́, àwọn kan fi àmì àdúrà ránṣẹ́, èmi náà sì fi ojú tó ń sunkún ránṣẹ́, tí mo sì ń rẹ́rìn-ín nínú yàrá mi. Mummy Testimony ní tirẹ̀ kò fi ohunkóhun ránṣẹ́. Ṣe ló pè é.

"Aunty wa! Mo gbọ́ o. Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Ẹ ṣáà bá a ṣeré. Ẹ jẹ́ kó bá yín ka ata." Ohùn rẹ̀ dùn bí oyin tí wọn ò tíì yọ kòkòrò oyin inú rẹ̀ kúrò. "Ẹ kàn má fi kẹ́míkà pọ́n ọn ni o."

Bàbá Motúnráyọ̀ náà pè láti Ìjẹ̀bú-Igbó. Daddy Enoch ni gbogbo wa ń pè é, ọjọ́ orí rẹ̀ sì ti lé ní ọgọ́rin. "Mo gbọ́ pé wọn ò gba ọmọ mi síléèwé. Ṣé ọwọ́ rẹ̀ ò tíì kan etí ni?"

"Ó ti ń kan etí, Daddy. Wọn kì í wo ìyẹn mọ́."

"Ó gba orí kọjá, ó kan etí òdìkejì?"

"Ó kàn án, sà."

"Kí wá ni wọ́n tún ń wá lára ọmọlọ́mọ?"

Ẹ wá wo ohun tí ìtìjú lè sọ ènìyàn dà. Obìnrin tó ń wàásù eré fún gbogbo Ìkòsí ra ṣáàtì mẹ́rin ní Kétu, ó kàn wọ́n mọ́ ògiri pálọ̀ látòkè délẹ̀. Fóònù gun orí wọ́dúróòbù. Ilé-ìwé ti gba ìsinmi; bí wọ́n bá ti jẹun àárọ̀ tán, kíláàsì bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ìyá níwájú, Jayé lórí àga, pàṣán lórí tábìlì. Kò ní nà án o, ó ní òun kàn fẹ́ kí ojú rẹ̀ máa kan án ni.

Jayé náà kò gọ̀. Tí ìyá rẹ̀ bá ti fọwọ́ kan ṣáàtì báyìí, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. Inú rírun yìí ò mọ oògùn. Ìgbà tí wọ́n bá pa ìwé dé ló ń lọ. Bí ọ̀sẹ̀ ṣe ń gorí ọ̀sẹ̀, ọmọ tó máa ń fò mọ́ ìyá rẹ̀ lọ́rùn tó bá délé wá di ọmọ tó ń yọjú wò láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì, kó mọ̀ bóyá Mummy ló dé ni àbí tíṣà.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, Ọlábámijí dá sí i. "Honey, ṣebí ìwọ lo sọ fún Mummy Testimony pé kó má fipá..."

"Ti ìyẹn yàtọ̀."

"Báwo ló ṣe yàtọ̀?"

"Ọmọ tèmi nìyí!" ni Motúnráyọ̀ wí. Bó ṣe sọ ọ́ tán ni òun náà gbọ́ ohun tó sọ, ṣùgbọ́n ó ti jáde lẹ́nu. Ó dìde lọ fọ abọ́ tí wọ́n ti fọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni nǹkan yí padà. Òjò ń rọ̀, Motúnráyọ̀ jókòó sí kíṣìnnì, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ló bá ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀ láti pálọ̀.

"Ẹ̀yin mẹ́ta, ẹ jókòó dáadáa! Ta ló ń pariwo?"

Ó dìde, ó rọra yọjú. Jayé ti to sálúbàtà mẹ́ta sórí àga gígùn: ti Daddy, ti Mummy, àti èyí tí wọ́n fi ń wọ balùwẹ̀. Òun dúró níwájú wọn, ó di ọwọ́ méjèèjì mọ́dìí, ó fún ojú pọ̀ bí ẹni tó jẹ orógbó.

"Ìwọ sálúbàtà Daddy, kí lorúkọ ẹ? Hẹn? Ṣé ọ̀la lo máa tó dáhùn ni? Inú ń run ẹ́? Irọ́ lo ń pa!" Ó fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan ṣán an pẹ́. "Gbogbo ẹgbẹ́ ẹ ló ti mọ̀ ọ́n!"

Ẹ̀rín fẹ́ pa Motúnráyọ̀. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín pẹ́, torí kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀, àti ohùn, àti ọwọ́ ìdí, àti ojú tó fún pọ̀.

Jayé bínú tán, ó ní àkókò oúnjẹ tó. Ó mú ẹ̀pà láti inú àpò rẹ̀, ó ń pín in. "Ọ̀kan, méjì, mẹ́ta," fún ti Daddy. "Ọ̀kan, méjì, mẹ́ta," fún ti Mummy. Nígbà tó kan ti balùwẹ̀, "ọ̀kan, méjì," ọwọ́ ṣófo. Jayé wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó wo sálúbàtà balùwẹ̀, àánú ṣe é.

"Ó ku ọ̀kan," ló wí fún un. "Má sunkún, mo ń bọ̀."

Ó sáré wọ kíṣìnnì, ó sì kọlu ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Mummy, ẹ fún mi ní ẹ̀pà. Ẹyọ kan ṣoṣo."

Motúnráyọ̀ fún un ní ẹyọ kan. Ọmọ tí kò lè mú ìdérí mẹ́ta ló pín ẹ̀pà dọ́gbadọ́gba, tó sì mọ iye tó kù, láìsí ṣáàtì, láìsí pàṣán. Ó tẹ̀ lé e padà sí pálọ̀.

"Jayé, ta ni tíṣà wọn yìí?"

"Aunty wọn ni."

"Ṣé Aunty wọn máa ń bínú báyẹn?"

Jayé ní, "Wọ́n máa ń bínú gan-an. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá jẹun tán, wọn kì í bínú mọ́."

Motúnráyọ̀ jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. "Ẹ jọ̀ọ́, Aunty, ṣé àyè ṣì wà ní kíláàsì yín?"

Jayé wò ó látòkè délẹ̀. "Ẹ lọ sẹ́yìn sálúbàtà balùwẹ̀. Ẹ má pariwo o."

Ibẹ̀ ló jókòó sí títí òjò fi dá. Ẹ̀wà kò jinná lásìkò lọ́jọ́ yẹn.

Lọ́jọ́ kejì, ó yọ ṣáàtì kúrò lára ògiri. Ó pàṣẹ fún Ọlábámijí pé kò gbọdọ̀ fi bàtà tàbí oúnjẹ kan ọmọ náà mọ́. Ìyà jẹ Ọlábámijí ju Jayé lọ. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á di ọwọ́ sẹ́yìn kó má baà bẹ̀rẹ̀, á máa mí bí ẹni tó ru ẹrù, Jayé á sì máa bá okùn bàtà sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ìgbà tí wọ́n wọ ṣọ́ọ̀ṣì, pásítọ̀ ti ń ṣe oore-ọ̀fẹ́. Bàtà ọ̀tún wà lẹ́sẹ̀ òsì, ti òsì wà lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, Jayé sì ń rìn bíi pẹ́pẹ́yẹ tó gba oyè. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ tún un ṣe.

Ní Sátidé, Motúnráyọ̀ á mú un dání lọ sí Mile 12. Ọ̀dọ̀ Muideen ni wọ́n ti ń ra ata, ọkùnrin kan tó fẹ́ràn àwàdà. Muideen á ní kí Jayé fúnra rẹ̀ ṣa márùn-ún tó pupa jù. Nígbà kan ó fi ìkẹfà sí i ní bòńkẹ́lẹ́, kó lè rí ohun tí ọmọ náà máa ṣe.

"Ẹ ti ṣe àṣìṣe o," ni Jayé wí.

"Háà! Èmi? Mo ti ń ta ata kí wọ́n tó bí ẹ."

Jayé kà á fún un, ìka lórí ata kọ̀ọ̀kan. Ó yọ ìkẹfà jáde, ó wò ó, ó sì fi sínú báàgì ìyá rẹ̀. "Ẹ fi ìyẹn ṣe ènì," ló wí. Muideen rẹ́rìn-ín títí ó fi dì mọ́ agbòòrùn rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìwọlé pé. Motúnráyọ̀ kò sún mọ́ fèrèsé lọ́jọ́ náà. Ó jókòó sínú kíláàsì rẹ̀, ó ń to àga tó ti tò tẹ́lẹ̀, etí rẹ̀ sì gùn dé ọ̀dọ̀ Uncle Jeffrey.

"Kí ni orúkọ rẹ?"

"Jayé Ṣèyítán. Orúkọ Daddy mi ni Ọlábámijí. Mummy mi nìkan ló lè pè wọ́n ní Honey. Ẹ̀yin ò lè pè wọ́n bẹ́ẹ̀ o."

"Mi ò ní pè wọ́n bẹ́ẹ̀," ni Uncle Jeffrey ṣèlérí.

Ó mú ìdérí mẹ́ta. Ó wọ bàtà rẹ̀, òdìkejì ni, ṣùgbọ́n òun ló wọ̀ ọ́. Ó sọ ohun tó jẹ, ó sì ní iyọ̀ rẹ̀ pọ̀. Pẹ́ńsù ló kù. Jayé gbá a mú bí ọmọ odó, ó ya roboto kan, ó rẹ̀ ẹ́ kí roboto náà tó pàdé. Ó ya ìkejì, ó yọ́ sábẹ́ tábìlì, ó ní òun ń sinmi. Ó pẹ́ níbẹ̀.

Gbogbo wọn pàdé ní ọ́fíìsì, Mummy Kúnbi, Uncle Jeffrey, tọkọtaya. Uncle Jeffrey ní, "Ó ti mọ púpọ̀, ma. Ó ku díẹ̀. Tí ẹ bá ní kó wọlé, a máa gbà á."

Ojú Ọlábámijí tàn. "Kó wọlé! Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kan ti wà ní Primary Two."

Mummy Kúnbi yíjú sí Motúnráyọ̀ pé kó sọ ohun tó rí.

Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé gbogbo WhatsApp àwọn òbí ló kọjá lójú òun, pé òun tiẹ̀ ti ya ẹnu láti sọ pé kó wọlé. Ló bá wo Jayé tó jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì, tó ń na ìka rẹ̀ tó ti rẹ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí wọn.

"Ọwọ́ rẹ̀ ò tíì gbó," ló wí. "Kó lọ sọ́dọ̀ Aunty Clara."

"Honey..."

"Ọdún kan ni. Kò níbi tó ń sáré lọ."

Ó dùn ún. Kò purọ́ fún mi nípa ìyẹn. Ó sunkún díẹ̀ nínú ilé ìtọ̀ àwọn tíṣà, ó bọ́jú, ó sì padà lọ gba ọmọ ẹlòmíì wọlé. Nígbà tí Mummy Testimony gbọ́, òun fúnra rẹ̀ ló wá, kò pè lórí fóònù mọ́. Ó gbé páìnì-ápù méjì dání. "Mo rò pé àwa nìkan lẹ ń sọ ọ́ fún ni," ló wí. "Ó wá jẹ́ pé ẹ gbà á gbọ́." Àwọn méjèèjì ti di ọ̀rẹ́ báyìí, wọ́n máa ń jọ sọ̀rọ̀ àwọn òbí mìíràn láìdáa.

Ọ̀dọ̀ Aunty Clara, amọ̀ ni Jayé fi ọdún náà mọ. Ó mọ mọ́tò, ó mọ ejò, ó mọ ohun kan tó pè ní Uncle Jeffrey. Ó gé bébà, ó yí ìdérí ìgò, ó sá eré. Kó tó di pé òjò ọdún kejì bẹ̀rẹ̀, pẹ́ńsù ti rọ̀ sí i lọ́wọ́, kò gbá a mú bí ọmọ odó mọ́. Aunty Motúnráyọ̀ náà yí padà díẹ̀. Nígbà ìdánwò, kò fi àwọn òbí ojú fèrèsé ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ó gbé bẹ́ǹṣì kan síbẹ̀, ó ní kí wọ́n máa fi ìdí lé e, torí ẹsẹ̀ máa ń gbọ̀n níbẹ̀.

Oṣù kẹsàn-án tó tẹ̀ lé e, Jayé wọ ìwé kìíní, kíláàsì ìyá rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, gbàrà tí Motúnráyọ̀ wọlé, Jayé pariwo, "Mummy!" Àwọn ọmọ yòókù wò ó, wọ́n wo Aunty, wọ́n rò pé bí wọ́n ṣe ń pè é nìyẹn, ni gbogbo wọn bá bẹ̀rẹ̀: "Mummy, mo fẹ́ mu omi!" "Mummy, ó gba àga mi!" Ó tó bíi ọgbọ̀n ọmọ tó bí lójijì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè tú u ká títí wọ́n fi lu aago. Nígbà tó ráyè, ó mú Jayé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Níbí, Aunty ni mò ń jẹ́. Tí o bá fẹ́ nǹkan, wàá na ọwọ́ sókè, wàá ní 'Aunty, ẹ jọ̀ọ́.' Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n ń jẹun. Jayé parí ẹran rẹ̀, ó wo abọ́ ọbẹ̀, ó sì na ọwọ́ sókè gbọnrangandan.

"Aunty, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ ẹran sí i."

Motúnráyọ̀ gbé ṣíbí dúró lófuurufú. Ó fẹ́ ṣàlàyé fún un pé ilé yàtọ̀ sí kíláàsì, ṣùgbọ́n kó tó la ẹnu, Ọlábámijí ní ìdí tábìlì lọ́hùn-ún ti rọra na ọwọ́ tirẹ̀ náà sókè.

"Daddy," ni Jayé wí, "èmi ni mo kọ́kọ́ na tèmi o."

"Ẹ sọ ọwọ́ yín kalẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì," ni Motúnráyọ̀ wí, ó sì bu ẹran fún wọn.